Omi Ojú Tí Kì Í Ṣe Ẹkún

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja wọ Zuba ní òwúrọ̀ tí ojú ọjọ́ mọ́, kó tó yà sí Àbújá tàbí kó kọjá lọ sí Kàdúná, yóò rí Òkè Zuma lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn èrò ọkọ̀ a máa nàka sí i pé ojú ènìyàn wà lára àpáta náà, ojú méjì, imú àti ẹnu. Èmi náà ti rí i. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà tó wá láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni mo máa ń tẹjú mọ́, ipa omi òjò tó ti ń ṣàn níbẹ̀ kí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó dáyé. Ó dà bíi pé àpáta ń sunkún. Ẹ mú náírà 100 tó jáde ní 1999 wò: Awólọ́wọ̀ wà níwájú pẹ̀lú awò ojú rẹ̀, Òkè Zuma wà lẹ́yìn. Ojú tó ń wòran ní ẹ̀gbẹ́ kan, ojú tó ń ṣomi ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ní Zuba fúnra rẹ̀, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Gwagwaládà, omi ojú kò ṣọ̀wọ́n. Ọjà èso wà níbẹ̀ tí àwọn tírélà ń kó ọsàn, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti máńgòrò wọ̀. Ọjà àwọn tó ń ta sípíà páàtì wà níbẹ̀, wẹ́dà àti mẹkáníìkì sì yí i ká. Eruku ọkọ̀, èéfín ìyá alákàrà, èéfín súyà nírọ̀lẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń pàdé ní ìkóríta kan ṣoṣo. Ibùdókọ̀ ni mo sì ti máa ń rí ọkùnrin tó ń ta oògùn ojú. Kí bọ́ọ̀sì tó kún ni yóò ti yọjú, yóò kí gbogbo èrò, yóò gbàdúrà ìrìn àjò fún wọn, yóò wá mú ìgò kékeré kan jáde. Ojú tó ń yún, ojú tó ń ta, ojú tó ń ṣú, ojú tó ń ṣomi: ẹ kán an lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Mo ti gbọ́ ìpolówó yìí tó ìgbà mẹ́wàá. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé nínú gbogbo àwọn tó ń na owó sí i, n kò tíì gbọ́ ẹnì kan tó bi í pé: omi wo?

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Orúkọ kan ni a ń pe omi ojú, àmọ́ ohun tó ń fà á lé ní ogún, ìtọ́jú ọ̀kan sì lè jẹ́ ìparun èkejì.

Àwọn bàbá wa tó kọ́ agbo-ilé alágbàlá mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Òjò á rọ̀, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ á máa dà láti etí òrùlé sínú àgbàlá, àwọn obìnrin á gbé ìkòkò sídìí rẹ̀. Èyí tí ìkòkò kò gbà á wá ihò kan lọ ní ìdí ògiri, ibẹ̀ ni yóò bá jáde sí ìta. Bí àgbàlá bá wá kún dé ẹnu ọ̀nà yàrá, bí òjò kò bá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a jẹ́ pé nǹkan ti dí ihò. Kò sí ẹni tí yóò gun òrùlé lọ nígbà tó jẹ́ pé ihò ló dí.

Bí ojú ṣe rí náà nìyẹn. Oríṣun omi rẹ̀ wà lókè ẹyinjú ní apá ìta, lábẹ́ egungun. Ọ̀nà àbájáde rẹ̀ wà ní ìgun ojú tó sún mọ́ imú: bí ẹ bá rọra fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ yín níwájú jígí, ẹ ó rí ihò kan níbẹ̀ tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Irú rẹ̀ wà lókè pẹ̀lú. Omi ń gba ibẹ̀ wọ inú àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ó sì ń gba inú egungun bọ́ sí ihò imú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sunkún fi ń fọnmú, tí oògùn tí a kán sójú sì fi ń korò lọ́nà ọ̀fun. Ohun tí ojú ń sun kò pọ̀: ẹ pín mìlílítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan tàbí méjì péré nínú rẹ̀ ni ojú ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀rọ̀ náà ìṣẹ́jú, ara ojú la ti mú un, láti inú kí ènìyàn ṣẹ́jú. Ojú tó dá ṣáṣá ń ṣẹ́ bí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún nínú ìṣẹ́jú tí aago ń kà, ṣíṣẹ́ yẹn ló sì ń tẹ omi náà ká, tó tún ń tì í lọ sẹ́nu ihò.

Omi yìí kì í ṣe omi lásán. Ọ̀rá wà lójú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó gbẹ, nǹkan bí ikun sì wà nísàlẹ̀ tó ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Ó tún ní ohun ìjà. Ní 1921, Alexander Fleming, ẹni tó wá rí penicillin lẹ́yìn náà, ṣàkíyèsí pé nǹkan kan wà nínú omi imú àti omi ojú tó ń pa kòkòrò àìfojúrí. Omi ọsàn kíkan ló ń fún sójú ara rẹ̀ àti ti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kó lè rí omi ojú tó pọ̀ tó láti fi dán an wò. Lysozyme ni wọ́n sọ nǹkan náà.

Omi kan ń rin ojú láti òwúrọ̀ di alẹ́, a kì í mọ̀ pé ó wà. Òmíràn ń dé nígbà tí nǹkan bá ta ojú: ata, èéfín, àlùbọ́sà, kòkòrò tó kọlu ẹni lórí ọ̀kadà. Ẹ̀kẹta ni ẹkún, ti ìbànújẹ́ àti ti ayọ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òwe ìfaradà ni, àmọ́ dókítà ojú yóò fọwọ́ sí i: omi ojú, bó ti wù kó pọ̀ tó, kì í fọ́ni lójú. Ohun tó fà á ló lè fọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọyẹ́, nítorí òun ni olórí ẹjọ́ ní Zuba láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Púpọ̀ nínú eruku tó ń bá a wá ti Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá, ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tó ti gbẹ tipẹ́. Atẹ́gùn gbígbẹ yìí ń fa omi ojú bó ti ń fa omi ètè. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń ta kókó, tí aláìsàn kì í fẹ́ gbà fún dókítà: ojú tó gbẹ náà ló ń ṣomi. Bí ọ̀rá ojú omi bá tín-ín-rín, omi á fẹ́ dànù, ẹyinjú á bẹ̀rẹ̀ sí í ta, oríṣun á wá rọ̀jò lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Omi òjijì yẹn kò ní ọ̀rá tó, kì í dúró, á ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú á tún gbẹ padà. Ọlọ́kadà tí kò wọ awò mọ̀ ọ́n, bákan náà ni ọ̀dọ́ tó tẹjú mọ́ fóònù láti àárọ̀, nítorí ẹni tó ń wo fóònù kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ. Oògùn irú èyí ni omi ojú àtọwọ́dá tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kí a fi lé ìpéǹpéjú tó ti dì, àti awò lójú nígbà tí a bá gun ọ̀kadà. Bàbá kan tí mo mọ̀ rẹ́rìn-ín títí nígbà tí wọ́n ní kó máa kán omi sí ojú tó ń ṣomi. Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ fi òjò lé òjò ni. Oṣù kan lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Èyí tó ń yún àwọn ọmọdé yàtọ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún sí méjìlá, ọkùnrin ló sábà máa ń jẹ́, á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú láti àárọ̀ dalẹ́. Funfun ojú rẹ̀ á máa ṣe bí omi ẹrẹ̀, omi á máa dà, ikun tó ń fà bí okùn á máa yọ nígun ojú. Àwọn ojú kan kórìíra eruku àti ooru ni. Kì í ràn, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ bí ọmọ bá ti ń bàlágà. Omi tútù, fìlà tó ní etí, àti oògùn tó ń pẹ̀tù sí yíyún ló tọ́ sí i. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa ra ojú: ẹyinjú tí a ń ra lójoojúmọ́ lè yí padà, kó yọrí ṣọnṣọ bí ẹnu òkòtó.

Ní ti Àpólò, òun ló ní ìtàn jù láàárín gbogbo wọn, ìtàn náà sì jẹ́ ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín. Ní oṣù kẹfà 1969, ní Accra, ojú àwọn ènìyàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó ń ta, ó ń wú, ó ń ṣomi, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ lára funfun ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kò tíì dé ọjọ́ 20 oṣù keje tí ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Ṣùgbọ́n bí ìròyìn òṣùpá ti gba afẹ́fẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn so ó mọ́ ọn: àwọn òyìnbó tó lọ fọwọ́ kan ohun tí a kì í fọwọ́ kàn ló kó eruku rẹ̀ wálé. Àìsàn ti ń jà kí wọ́n tó gbéra, àmọ́ orúkọ ti lẹ̀. Àwọn dókítà mẹ́ta, Chatterjee, Quarcoopome àti Apenteng, kọ ìròyìn àìsàn tuntun yìí sínú ìwé àwọn oníṣègùn ojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1970. Ó dé Nàìjíríà, ó dé Éṣíà, ó sì ti ń lọ tó ń bọ̀ láti ìgbà náà. Fáírọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n rí nídìí rẹ̀, enterovirus 70 àti coxsackievirus A24. Lónìí, ọmọ ilé ìwé tí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lọ sórí òṣùpá rí yóò sọ fún yín pé Àpólò ló mú òun.

Àwọn ènìyàn gbà pé bí o bá wo ojú alápólò, yóò ràn ọ́. Wọ́n á ní kó wọ gíláàsì dúdú, kí ó má fi ojú ràn wọ́n. Wíwò kì í ràn ún. Ọwọ́ ni ọkọ̀ rẹ̀: ọwọ́ tó nu ojú, tó bọ ènìyàn lọ́wọ́, tó gba ṣéńjì lọ́wọ́ kọ̀ndọ́. Aṣọ ìnujú kan fún gbogbo ilé àti igi tìróò tí ìyá àti ọmọ jọ ń lò náà ń ràn ún. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí. Ó máa ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì fúnra rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí gbogbo oògùn ìbùdókọ̀ rí iyì gbà: ẹni tó kán omi iyọ̀ sí i á ní iyọ̀ ló wò òun, ẹni tó kán ìtọ̀ sí i á ní ìtọ̀ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ fífọ̀ ni, àti aṣọ tútù lórí ojú, àti kí ọmọ má lọ sílé ìwé títí omi yóò fi dá.

Àwọn wẹ́dà Zuba mọ irú omi ojú kan tó ń dé lóru. Ọ̀sán ni wọ́n jó irin láìbo ojú, kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ní aago méjìlá òru, á dà bíi pé wọ́n bu iyanrìn sí wọn lójú, omi á máa dà, ìmọ́lẹ̀ fìtílà á di ọ̀tá. Ìmọ́lẹ̀ tí a kì í rí nínú iná wẹ́dà ló sun ojú ẹyinjú wọn, bí oòrùn ṣe ń sun awọ òyìnbó. Ó máa ń jinná láàárín ọjọ́ kan sí méjì bí a bá sinmi. Oògùn tó ń mú ojú kú tipiri ni ewu tó wà níbẹ̀: dókítà lè kán an lẹ́ẹ̀kan láti yẹ ojú wò, ẹni tó bá gbé e relé kó lè máa kán an yóò ba ojú ara rẹ̀ jẹ́. Ní ti irin wẹ́wẹ́ tó fò wọ dúdú ojú mẹkáníìkì, mo ti rí i tí ọ̀rẹ́ fẹ́ fi abẹ fífárí yọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, dókítà ni kó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ásíìdì bátìrì, sìmẹ́ǹtì, ẹfun tàbí oró ejò tó ń tutọ́ síni lójú, a kì í dúró de dókítà. Omi ẹ̀rọ, omi kànga, píọ̀ wọ́tà, èyí tó bá wà nítòsí ni kí a máa dà sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, kí a tó wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn.

Ọmọ ọwọ́ ní tirẹ̀, ihò ló sábà máa ń dí. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ní ẹnu ibi tí ọ̀nà omi ti bọ́ sínú imú kò tíì já nígbà tí wọ́n bí i, nítorí náà ojú kan á máa ṣomi, ìpin á máa dì í láàárọ̀, àmọ́ kì í pọ́n. Nínú ọmọ mẹ́wàá tó rí bẹ́ẹ̀, ó lé ní mẹ́sàn-án tí yóò là fúnra rẹ̀ kó tó pé ọdún kan. Ìyá lè ràn án lọ́wọ́: kó fọ ọwọ́, kó gé èékánná, kó fi orí ìka tẹ ìgun ojú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, kó rọra wọ́ ọ wálẹ̀ ní ìgbà mélòó kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Bó bá kọjá ọdún kan tí kò là, dókítà ní okùn irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń là á.

Méjì wà nínú ti ọmọ ọwọ́ tí kò gba ìdúró rárá. Ọ̀kan ni ọmọ tuntun tí ojú rẹ̀ wú, tí ọyún ń jáde níbẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bí i. Àrùn tó wà lára ìyá ló mú un lójú ọ̀nà, ó sì lè fọ́ ojú náà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èkejì ń tan ènìyàn jẹ. Ọmọ náà ní ẹyinjú ńlá tó ń dán, àlejò á ní ojú rẹ̀ dára bíi ti àgbọ̀nrín, inú ìyá á dùn. Ṣùgbọ́n ojú ń ṣomi, ọmọ ń sá fún oòrùn, ó ń fi ojú pamọ́ sí àyà ìyá rẹ̀. Ìyẹn lè jẹ́ glaucoma àbínibí: omi tó há sínú ẹyinjú ló ń fẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ abẹ ni yóò gbà á, kò sì yẹ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọkọ̀ tó ń ti Kánò, Sókótó àti Jìgáwá bọ̀ ń dúró ní Zuba, nítorí náà a kò lè yọ trákómà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kòkòrò rẹ̀ ń mú ọmọdé léraléra, ó ń dápàá sí inú ìpéǹpéjú, títí irun ìpéǹpéjú yóò fi yí wọ inú lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹni náà bá ṣẹ́jú ni irun ń rin ẹyinjú rẹ̀. Omi á máa dà, òun náà á máa fi ẹ̀mú tu irun rẹ̀, títí dúdú ojú yóò fi di funfun. Eṣinṣin tó ń gbé e láti ojú dé ojú ń yé ẹyin sínú ìgbẹ́ ènìyàn tó wà ní gbangba, torí náà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lára oògùn rẹ̀, pẹ̀lú ojú fífọ̀, oògùn azithromycin àti iṣẹ́ abẹ tó ń yí ìpéǹpéjú padà síta. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti jẹ́rìí sí i pé Ghana ṣẹ́gun rẹ̀ ní 2018, Tógò ní 2022, Bìnì Olómìnira ní 2023. Àwọn aládùúgbò wa ni gbogbo wọn. Nàìjíríà kò tíì wọ ìwé yẹn.

Ti àgbàlagbà kò ṣòro láti yé ni: ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ á dẹ̀, ihò á kọjú síta, omi kò ní rí ẹnu ọ̀nà gbà mọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àpò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú á dí, á wú, á máa dùn, bí a bá sì tẹ̀ ẹ́, ọyún á gba ihò padà wá sójú. Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú méjèèjì. Toti, dókítà ará Ítálì, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí tó ń la ọ̀nà tuntun gba egungun sínú imú, ní 1904. Wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní.

Mo ti dárúkọ tìróò lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ìyá Yorùbá ló gbà pé ó ń fọ ojú ọmọ mọ́, ó ń gbẹ omi rẹ̀, ó ń mú ojú là. Ìyá mi àgbà kì í tọ́jú ọmọ tuntun láìfi í sí i. Nínú òkúta òjé ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ní 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Wọ́n wá ilé wọn ká, wọn ò rí nǹkan kan, àfi tìróò tí wọ́n rà láti ilé tí wọ́n ń fi sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nínú ìwọ̀n 100, 82.6 ló jẹ́ òjé. Ọpọlọ ọmọ ni òjé ń bà jẹ́. Àgbà tó bá fẹ́ fi ṣe ẹwà mọ ohun tó ń ṣe, àmọ́ ẹ yọ ọmọ ọwọ́ kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí inú bọ́ọ̀sì, nítorí ibẹ̀ ni mo ń bọ̀ láti òkè wá. Ìgò kan lè ṣiṣẹ́ kíákíá lójú tó pọ́n, tó ń yún, tó ń ṣomi: oògùn tó ní sítẹ́rọ́ìdì nínú ni, dexamethasone àti àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹ ó kán an lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, ojú á funfun bí ẹfun. Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń padà rà á nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé egbò wà lójú dúdú ẹyinjú, tí kòkòrò tàbí olú ilẹ̀ oko ti wọ ibẹ̀, oògùn yẹn ń so ọwọ́ ara mọ́ ẹ̀yìn kí kòkòrò lè jẹun ní ìrọ̀rùn. Bí a bá sì ń kán an fún oṣù mélòó kan sójú ọmọ tó ń yún, ó lè gbé agbára omi inú ẹyinjú sókè, kó di glaucoma, ó sì lè fa cataract, ìyẹn ni kí ohun bíi dígí tó wà nínú ẹyinjú ṣú. Glaucoma yẹn kì í dùn, kì í pọ́n, kì í ṣomi. Ojú á mọ́ lóló, á sì máa kú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Èyí tó bá ti lọ nínú rẹ̀, kò sí dókítà tó lè dá a padà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbani. Láàárín 2005 sí 2007, àwọn olùwádìí rin Nàìjíríà káàkiri, wọ́n yẹ ojú àwọn tó lé ní 13,000 wò, àwọn tó ti pé ọdún 40 sókè. Nínú 100, ó lé díẹ̀ ní 4 tó fọ́jú. Cataract ló fa 43 nínú 100 ìfọ́jú náà, glaucoma fa bíi 17. Wọ́n ní 84 nínú 100 ló jẹ́ èyí tí a lè dènà tàbí kí a wò sàn. N kò sọ pé ìgò inú bọ́ọ̀sì ló fọ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ní orílẹ̀-èdè tí glaucoma ti ń jẹ́ aládùúgbò ẹni báyìí, kò yẹ kí a máa ra ohun tó ń pè é wálé ní ìbùdókọ̀, láìsí ẹni tó wọn ojú wa.

Kí ni dókítà ń ṣe tí olóògùn inú ọkọ̀ kì í ṣe? Ó ń béèrè pé: omi wo? Ó máa ń kán àwọ̀ olómi ọsàn kan sójú, á sì wo bóyá ó ń lọ sínú imú tàbí ó dúró síbẹ̀. Ó lè fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan há ìpéǹpéjú láti mọ bí ojú ṣe ń sun omi sí; Schirmer, ará Jámánì, ló gbé ìyẹn kalẹ̀ ní 1903, kò sì wọ́n. Á yí ìpéǹpéjú padà wo inú rẹ̀. Á fi iná wo dúdú ojú bóyá egbò wà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, kò sì sí ìkankan nínú rẹ̀ tí a lè ṣe láti ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì.

Bí wọ́n bá wá fún yín ní oògùn, ẹ̀kán kan tó. Ojú kò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, èkejì á dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Ẹ di ojú, kí ẹ fi ìka tẹ ìgun tó sún mọ́ imú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí oògùn má bàa bọ́ sí ọ̀fun. Bó bá jẹ́ oògùn méjì, ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún sáàárín wọn. Ẹ má fi ẹnu ìgò kan ìpéǹpéjú, ẹ má sì tọ́jú ìgò tí a ti ṣí de ẹni tí ojú yóò tún dùn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ojú tó ń ṣomi tó sì ń dùn, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta, tí ìríran rẹ̀ ṣú, tí funfun yọ lójú dúdú rẹ̀, tí nǹkan gbá tàbí tí nǹkan ta sí, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ. Èyí tó ń ṣomi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lè rọra, àmọ́ kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Láti Zuba, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Àbújá wà ní Gwagwaládà, wọ́n ní ẹ̀ka ojú. Ẹni tó bá ń lọ sókè yóò bá National Eye Centre ní Kàdúná. Ọkọ̀ méjèèjì ń gbéra láti ìkóríta yẹn, lójú Òkè Zuma. Ẹ bá mi mú ìgò tí ẹ ti ń kán tẹ́lẹ̀ dání, ẹ má tijú, ẹ gbé e ka orí tábìlì kí dókítà ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.